Oshiomhole Kò Dalẹ̀: Òṣìṣẹ́ Ni Kò Rán An Níṣẹ́

Ẹnu kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ ọ́, yálà ní ibùdókọ̀ tàbí níbi tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ti ń dúró de owó wọn: Adams Oshiomhole ta òṣìṣẹ́ nítorí ipò. Wọ́n á ní nígbà tó wà ní NLC, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, kò sí ìgbà tí òun àti Ààrẹ Ọbásanjọ́ kì í fà á, àfi bó ṣe di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ẹdó tó gbàgbé ibi tó ti wá. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fà yọ níbẹ̀ ni pé kí olórí òṣìṣẹ́ jìnnà sí òṣèlú, nítorí pé oyè a máa ba ènìyàn jẹ́. Àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún wà lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọgbẹ́ ọkàn ló ń mú wọn sọ ọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì fà yọ nínú rẹ̀ ti ṣe òṣìṣẹ́ ní jàǹbá ju ohunkóhun tí Oshiomhole fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ. Ọkùnrin náà kò yí padà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹgbẹ́ náà ló ṣe ṣiṣẹ́ ní ilé ìjọba. Ohun tó sọnù ni pé kò sí òṣìṣẹ́ tó rán an níṣẹ́ sí ilé ìjọba, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó lè pè é padà wá jíyìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ Iyamho ni, lẹ́bàá Auchi, ṣùgbọ́n Kàdúná ni iṣẹ́ gbé e lọ. Ilé iṣẹ́ aṣọ Arewa Textiles ló wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi yàn án ní akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Ní 1975, ó di òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ní kíkún. Ó lọ sí Ruskin College ní Oxford láti kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé àti àjọṣe òṣìṣẹ́ pẹ̀lú agbanisíṣẹ́. Ní 1982, ó di akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ híhun àti aṣọ rírán jákèjádò Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ fi máa yàn án ní ààrẹ NLC ní 1999, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń jókòó dojú kọ àwọn agbanisíṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó béèrè 10, kó mọ ìgbà tí 6 bá ti tó, kó sì padà lọ ṣàlàyé fún àwọn tó rán an pé 6 sàn ju òfo lọ. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lórí àga akọ̀wé ẹgbẹ́.

Àwọn tó ń rántí ìgbà náà bí ẹni pé ìṣẹ́gun ló kún inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo owó epo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, ìjọba gbé lítà bẹntiróòlù kúrò ní náírà 20 sí 30. NLC yan iṣẹ́ lódì, wọ́n sì parí rẹ̀ sí 22. Ní oṣù Kìíní ọdún 2002, ìjọba sọ 22 di 26. Ìyanṣẹ́lódì tún bẹ̀rẹ̀, kóòtù ní kò bófin mu, ọlọ́pàá mú Oshiomhole, owó epo sì dúró sí 26. Ní 2003, 26 di 40. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì tó gbóná janjan, 34 ni wọ́n fẹnu kò sí. Láàárín ọdún mẹ́ta, epo ti kúrò ní náírà 20, ó ti dé 34. Gbogbo ìgbà tí NLC bá padà sẹ́nu iṣẹ́, owó epo a ga ju bó ṣe wà kí ìjọba tó fi kún un lọ.

N kò sọ èyí láti tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Náírà 6 tó kúrò lórí lítà kan kì í ṣe ohun kékeré fún awakọ̀ dánfó tàbí fún ìyá tó ń wọ mọ́tò mẹ́ta kó tó dé ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣiyèméjì nípa ìgboyà rẹ̀: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, àwọn agbófinró SSS gbé e ní pápákọ̀ òfurufú Abùjá, ìyẹn ò sì ní kó jáwọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé àdéhùn ni iṣẹ́ olórí òṣìṣẹ́, ariwo sì ni ohun tí à ń gbọ́ kí àdéhùn tó dé. Àwa tí a wà níta gbọ́ ariwo, a sì rò pé ariwo náà ni ọkùnrin náà. Nígbà tó wá di gómìnà, tó ń bá ààrẹ ní Abùjá ṣe àdéhùn, tó ń bá àwọn gómìnà ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn, a ní ó ti yí padà. Àdéhùn yẹn ló ti ń ṣe láti Kàdúná. Aṣọ kákí tó máa ń wọ̀ pàápàá kò yí padà.

Ìyàtọ̀ wà ṣá, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ojú wa wà. Nígbà tó wà ní NLC, àwọn tó rán an wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá parí àdéhùn, ó ní láti padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó para pọ̀ di NLC. Àpérò àwọn aṣojú wà níwájú tí wọ́n ti lè dìbò yọ ọ́. Àdéhùn tó bá ṣe lónìí, ẹnì kan yóò bi í ní ìbéèrè lórí rẹ̀ lọ́la. Ohun tó ń mú olórí ẹgbẹ́ ṣọ́ra nìyẹn, kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ mọ́ ju ọkàn ẹlòmíràn lọ. Nígbà tó ń lọ sí ilé ìjọba ní Benin, ó fi gbogbo ètò yìí sílẹ̀, àwa náà ò sì bá a kọ́ òmíràn.

Ẹ wo bó ṣe wọlé. Ní 2002, NLC ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀, Party for Social Democracy, èyí tó padà di Labour Party. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ nígbà náà, kó tó di pé ààrẹ rẹ̀ jáde fún ipò gómìnà ní 2007. Síbẹ̀, inú Action Congress ló ti jáde, tí Labour Party kàn bá a ṣe àjọṣepọ̀. Àjọ elétò ìdìbò kéde Oserheimen Osunbor ti ẹgbẹ́ PDP pé òun ló wọlé. Oshiomhole gba kóòtù lọ, ó sì jà á títí di ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2008, nígbà tí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n búra fún un. Mo bọ̀wọ̀ fún ìjà yẹn, nítorí ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ìbò tí wọ́n jí ṣeé gbà padà. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ẹgbẹ́ wo ló gbé gómìnà tuntun náà wọlé, a ò lè sọ pé ti òṣìṣẹ́ ni. Inú Action Congress ló wà. Nígbà tí ìyẹn sì di ACN, tí ACN tún wọ inú APC ní 2013, ó bá wọn lọ. Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti pinnu nǹkan wọ̀nyí, òṣìṣẹ́ kò ní àga, kò sì ní ìbò.

Bí a bá tún wo ohun tó ṣe nínú ìjọba, ẹ̀sùn pé ó gbàgbé òṣìṣẹ́ pátápátá kò ní dúró. Ó ṣe ọ̀nà, ó tún ilé ìwé kọ́. Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kejì ní 2012, ó borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní Ẹdó. Àwọn ará Ẹdó kò tíì máa pè é ní ọ̀dàlẹ̀ nígbà náà. Ní ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ ọdún 2016, ó kéde pé owó oṣù tó kéré jù lọ ní Ẹdó yóò kúrò ní náírà 18,000, yóò di 25,000. Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa nígbà yẹn. Ní Ọ̀ṣun, òṣìṣẹ́ ìjọba ti jẹ gbèsè kiri nítorí owó oṣù tí kò dé, nígbà tó sì máa dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn rí ààbọ̀ gbà. Gómìnà tó ti jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ rí ìdí láti fi kún owó oṣù ní ọdún tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò rí èyí tó wà nílẹ̀ san. Kí ẹni tó ní oyè ti bà á jẹ́ ṣàlàyé èyí fún wa.

Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti kùnà, kí a lè mọ ohun tí ìkùnà náà jẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, gómìnà jáde sí ìgboro Benin, wọ́n ń kó ẹrù àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé opó lòun. Gómìnà dá a lóhùn pé tó bá jẹ́ opó, kó lọ kú. Ẹnì kan ti ń fi fóònù ya fídíò, gbogbo Nàìjíríà sì rí i. Lẹ́yìn náà, ó pe obìnrin náà sí ilé ìjọba, ó tọrọ àforíjì, ó fún un ní náírà mílíọ̀nù 2, ó sì fún un níṣẹ́.

Àwọn ènìyàn sọ pé ìgbéraga ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé Oshiomhole nínú ẹgbẹ́, ẹni tó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ ló ń ṣojú fún: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù, tí wọ́n lè yọ owó ẹgbẹ́ lára owó rẹ̀, tí ó sì lè yan iṣẹ́ lódì. Opó tó gbé ẹrù sílẹ̀ lẹ́bàá títì kò ní agbanisíṣẹ́ tó lè yan iṣẹ́ lódì sí. Ní ọjọ́ tí wọ́n kó ọjà rẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ tó dúró tì í, kò sì sí akọ̀wé tó máa kọ lẹ́tà sí gómìnà nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tí Oshiomhole kò jẹ́ sọ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ tíṣà lójú gbogbo ènìyàn, ó rọrùn láti sọ sí obìnrin yẹn. Mílíọ̀nù 2 tó fún un, ẹ̀bùn ọlọ́lá ni. Ẹ̀bùn kan ẹnì kan ṣoṣo. Àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì ni ì bá kan gbogbo wọn. Ìjọba òṣìṣẹ́ tó bá ní ẹgbẹ́ gidi lẹ́yìn rẹ̀, tí ìyálọ́jà, télọ̀ àti awakọ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́ náà, ì bá ti mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ni opó yẹn kí gómìnà tó jáde nílé lọ́jọ́ náà.

Ohun tó tẹ̀ lé e tún jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ mi. Oshiomhole wọlé pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò fòpin sí ìṣèjọba àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ní Ẹdó. Ní 2016, ó polongo fún Godwin Obaseki kó rọ́pò òun, ó sì bẹnu àtẹ́ lu Osagie Ize-Iyamu ti PDP gan-an. Ní 2018, ó di alága APC jákèjádò orílẹ̀-èdè. Kó tó di 2020, òun àti Obaseki ti dìjà, APC kò jẹ́ kí Obaseki díje, ìyẹn bọ́ sí PDP. Oshiomhole wá polongo fún Ize-Iyamu kan náà, tó ti wá di olùdíje APC, ó sì ní láti tọrọ àforíjì lórí ohun tó ti sọ nípa rẹ̀. Obaseki borí. Ẹni tó bá gbọ́ ìjà yìí láti òpin dé òpin, kò ní gbọ́ owó oṣù, kò ní gbọ́ owó ìfẹ̀yìntì. Ìjà ẹnì méjì ni. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà tí olóṣèlú kò bá ní ẹgbẹ́ tó rán an: ohun tó bá dùn ún nìkan ni ohun tó kù tó lè jà fún.

Kókó kan wà nínú ìtàn yẹn tí mo fẹ́ kí gbogbo olórí òṣìṣẹ́ kà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́ọ̀dù kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Etsako West ní Ẹdó ni ìṣubú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alága APC ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́ọ̀dù náà ní àwọn dá a dúró, kóòtù fọwọ́ sí i, ní oṣù Kẹfà ọdún 2020 ó sì kúrò lórí àga. Ohun yòówù kí ó wà lẹ́yìn ìdádúró náà, agbára wà lọ́wọ́ wọ́ọ̀dù kan láti mú alága ẹgbẹ́ òṣèlú sọ̀kalẹ̀. Kò sí ẹ̀ka NLC kankan, láti Kàdúná dé Benin, tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí ọkùnrin tí NLC sọ di ẹni ńlá. Bí a bá ń wá ẹni tí a máa bá wí, ká bá ara wa wí lórí èyí.

Àwọn kan á ní kí a wo Hassan Sunmonu. Ọmọ Òṣogbo ni, òun sì ni ààrẹ NLC àkọ́kọ́, láti 1978 sí 1984. Ó darí ìyanṣẹ́lódì oṣù Karùn-ún ọdún 1981, tó mú kí owó oṣù tó kéré jù lọ di náírà 125. Kò lọ wá ipò gómìnà. Ó bá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Áfíríkà ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ sì mọ́ títí dòní. Èmi náà yìn ín. Àmọ́ kí orúkọ ẹnì kan mọ́ kò dáàbò bo ẹgbẹ́. Ní 1988, ìjọba ológun Babangida tú àwọn olórí NLC ká. Ní 1994, Abacha tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi ti àwọn òṣìṣẹ́ epo kún un. Ní 2005, lábẹ́ ìjọba alágbádá, Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí òfin tó gba ipò ẹgbẹ́ àpapọ̀ kan ṣoṣo kúrò lọ́wọ́ NLC. Àwọn aṣòfin ló jókòó tí wọ́n sì dìbò sí òfin yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ sì dúró síta. Ẹni tó ní kí òṣìṣẹ́ jìnnà sí òṣèlú gbàgbé pé òṣèlú kò jìnnà sí òṣìṣẹ́ rí.

Àwọn mìíràn á ní a ti dán an wò, kò sì ṣiṣẹ́. Wọ́n á mú 1964 wá. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó òṣìṣẹ́ jáde, wọ́n dá iṣẹ́ dúró jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kejìlá, ìbò dé, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti jọ yan iṣẹ́ lódì sì dìbò, kálukú fún ẹgbẹ́ ẹkùn tirẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà péré ló wà láàárín méjèèjì, àwọn tó ń wá ìbò òṣìṣẹ́ kò sì para pọ̀ wọ inú ìbò náà: Imoudu ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Tunji Otegbeye, ọmọ Ìlaròó, ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n kó jọ nítorí ìbò, tí kò ní ẹ̀ka ní àdúgbò, kò lè borí ẹ̀yà àti ẹkùn. Ohun tí 1964 fi hàn ni pé kíkọ́ ẹgbẹ́ gba àkókò.

Àwọn òṣìṣẹ́ irin ní ìpínlẹ̀ São Paulo ní Bràsíl ní sùúrù yẹn. Ìyanṣẹ́lódì wọn ní ìparí àwọn ọdún 1970 ló sọ olórí wọn, Lula, di olókìkí. Ní 1980, àwọn àti àwọn mìíràn dá Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́, PT, sílẹ̀. Ní 1982, Lula jáde fún gómìnà São Paulo, ó sì fìdí rẹmi. Kò bọ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn láti wá ipò. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2002, wọ́n dìbò yàn án ní ààrẹ nínú ẹgbẹ́ kan náà. Mo mọ̀ pé PT náà ní àbùkù tirẹ̀, pé ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kan àwọn olórí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kan wà tó ju ẹnì kan lọ, tó ní ẹ̀ka, tó ní ọmọ ẹgbẹ́, tó sì wà níbẹ̀ nígbà tí olórí rẹ̀ pòfo.

Tiwa ńkọ́? Labour Party tí NLC dá sílẹ̀ di ọkọ̀ èrò: ẹni tó bá rí i wọ̀ á wọ̀ ọ́, bó bá dé ibi tó ń lọ á sọ̀ kalẹ̀. Olusegun Mimiko, dókítà tó ti ṣe mínísítà nínú ìjọba PDP, fi í di gómìnà Oǹdó ní 2009, ó tún fi í wọlé ní 2012, ó sì padà sí PDP ní 2014. Àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì Oǹdó kò dìbò lórí ìrìn àjò yẹn. Nínú ìbò ààrẹ 2023, Peter Obi gba ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 6 lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà, kò sì pẹ́ tí NLC àti àwọn olórí ẹgbẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í du ẹni tó ni ín. Ẹni tó ní ẹgbẹ́ kì í bá ènìyàn jà ní kóòtù lórí bóyá òun ló ni ín. Ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó wọn ló máa ń fi hàn.

Mo mọ̀ pé òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà kò fàyè gba kí ẹgbẹ́ fi owó àpò rẹ̀ ṣe òṣèlú. Òfin náà kò ní kí òṣìṣẹ́ má fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Bí tíṣà kan, nọ́ọ̀sì kan, télọ̀ kan bá ń fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù fún ẹgbẹ́ òṣèlú tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé rẹ̀, owó ọ̀hún yóò kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó san án yóò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ẹ̀ka ni kó yan ẹni tó máa jáde fún ipò, kì í ṣe ìpàdé àwọn ọ̀gá ní òtẹ́ẹ̀lì Abùjá. Kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an sílẹ̀: owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì, ọjà àti títì, ilé ìwosàn. Lọ́dọọdún, kó padà wá síwájú àwọn aṣojú tó yàn án, kí wọ́n sì ní agbára láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ohun tí NLC ń ṣe fún ààrẹ tirẹ̀ ni mo ń béèrè pé kó ṣe fún ẹni tó bá fi orúkọ rẹ̀ wá ipò ìjọba.

Oshiomhole wà nílé aṣòfin àgbà láti 2023, ó ń ṣojú Àríwá Ẹdó. A ò rí ohunkóhun jèrè nínú kí a máa bú u. Bí olórí òṣìṣẹ́ mìíràn bá dìde lọ́la pé òun fẹ́ ṣe gómìnà, kí a má ṣe jókòó ti ìbéèrè bóyá ọkàn rẹ̀ mọ́. Kí a bi í pé: àwọn wo ló yàn ọ́, ibo ni wọ́n kọ iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ sí, ọjọ́ wo lo máa padà wá jíyìn fún wọn? Bí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ má ṣe polongo fún un, bó ti wù kó jà fún wọn tó tẹ́lẹ̀.